Èékánná Tí Wọ́n Sin sí Ògbòòrò

Abẹ wà lọ́wọ́ mi, ó sì wà ní ọ̀fun oníṣu kan, nígbà tí ọkùnrin náà la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú mi. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé tí abẹ bá ti dé ọ̀fun, kí wọ́n panu mọ́. Wọn kì í gbọ́. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga bábà, bí ẹni tó mu ẹmu ló ń rí, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa fẹ́ sọ.

"Bábà," oníṣu náà wí, "ṣé o gbọ́ pé òkú jí ní Ògbòòrò?"

Mo ní, "Ẹ má mira, ẹ jọ̀ọ́. Òkú wo?"

"Sójà ni. Wọ́n ti mú irun àti èékánná ẹ̀ bọ̀ láti ojú ogun, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe gbogbo ètò òkú tán. Àfi bó ṣe fọ̀pá tilẹ̀ wọlé lọ́sàn-án gangan. Ìyá ẹ̀ ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Ló bá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn ẹ̀ fi ń mì. "Mo fojú ara mi rí ọkùnrin náà níjọ́ tí mo lọ ra iṣu. Àní àbàjà ojú ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣí i lójú tìẹ lẹ̀ mọ́ tiẹ̀ ni. Àbí bàbá yín ló kọ ọ́?"

Abẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì gé e. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo sáré mú álọ́ọ̀mù, mo fi pa ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

"Háà, Bábà! Ṣé o fẹ́ sọ èmi náà di òkú Ògbòòrò ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń já mi láyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ olóòlà ni mí ní Ṣakí. Bàbá mi ló ń kọlà ojú, òun náà ló ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin, láti Ṣakí títí dé Ògbòòrò àti Ìgbòho. Àwọn èèyàn rò pé ilà kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. Irọ́ ni. Bí obìnrin méjì ò ṣe lè se ọbẹ̀ kan náà kó dọ́gba lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni olóòlà méjì ò lè kọ àbàjà kan náà. Tí bàbá mi bá kọ àbàjà mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ilà ti ìsàlẹ̀ pátápátá máa ń gùn ju ìyókù lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Á fi omi ìgbín tu ojú ọgbẹ́ náà lára, á fi èédú kíkúnná pa á. Àwa ọmọ ẹ̀ gan-an, ilà yẹn ló wà lójú wa.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Búsàrí, la jọ kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ bàbá wa. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Àwọn tíṣà àti àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n fi ojú ọmọ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Nígbà tí bàbá wa fi máa kú, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan tó gbé ọmọ wá. Èmi bá ra kílípà àti dígí ńlá kan, mo ra àga onírin, mo di bábà ní etí gáréèjì Ṣakí. Mo pe Búsàrí pé kó wá ká jọ máa ṣe é.

Ó ní, "Èmi? Kí n máa wá iná lórí ọmọ ọlọ́mọ kiri? Kò lè ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Iṣẹ́ tí ò lè parí láéláé ni mo fi ń lọ̀ ọ́ yẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń gba sójà, ó lọ. Ó fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, Ṣìfáwù, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un, tí àwọn méjèèjì ò tíì bímọ.

Ogun parí. Àwọn ọmọ Ṣakí tó lọ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Búsàrí ò dé. A lọ bèèrè ní bárékè, wọ́n ní ó wà lára àwọn tí àwọn ò rí mọ́. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé ó kú ni, ṣé ó sá ni, ṣé ó ti ya wèrè ló ń rìn kiri ilẹ̀ Ìbò? Ìyá wa ní kò kú. Àlùfáà àdúgbò wá pé kí a ṣe àdúà fìdáù fún un, ìyá wa fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Àlùfáà náà gbàgbé bàtà ẹ̀ kan síbẹ̀, kò sì padà wá mú un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá há mọ́ jù ni Ṣìfáwù. Ọkùnrin ahunṣọ kan láti Ìṣẹ́yìn, èèyàn jẹ́jẹ́, fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Ìyá wa fárígá. Ó ní, "Ta ló ń tọrọ ìyàwó ọmọ mi lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọ mi ò kú?" Ṣìfáwù ò jẹ́ ìyàwó, kò sì jẹ́ opó. Ó kàn ń gbé inú ilé wa ni, ó ń gbẹ bí ewé.

Èmi nìkan ni mo lè wádìí, torí ẹnu gáréèjì ni mo wà, gbogbo sójà tó dé ló ń wá gẹrun. Ṣùgbọ́n mi ò bèèrè. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Sójà kan tó ti mutí ti sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láìmọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, pé ọmọ olóòlà kan láti Ṣakí sá lójú ogun, àwọn tiwọn ló sì yìnbọn fún un láti ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo gẹ orí ẹ̀ tán, mo gbọn irun kúrò lọ́rùn ẹ̀, mo ní ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń bẹ̀rù ìbéèrè. Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Bí mo bá wádìí, tó sì jẹ́ pé òótọ́ ni, ẹnu wo ni mo máa fi sọ fún ìyá mi?

Ọ̀rọ̀ oníṣu yẹn ni ò jẹ́ kí n lè jókòó mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbòòrò lọ́jọ́ ọjà. Kò ṣòro láti rí ilé náà. Mo kàn bèèrè ilé òkú tó jí, àwọn ọmọdé méjì sì jà sí i pé àwọn ló máa mú mi lọ.

Àkàndé lorúkọ ọkùnrin náà. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀ kan gbọọrọ lórí ẹní. Bó ṣe rí ojú mi báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lẹ́nu ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún mi. Àbúrò Búsàrí ni yín."

Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"A pàdé lójú ogun. Wọ́n kó àwọn kan wá fi kún wa, òun náà wà lára wọn. Ìgbà tí a rí ojú ara wa, mo ní, 'Ìwọ wo nìyí?' Ó ní, 'Ọmọ ẹni tó pa ọ́ lẹ́kún nígbà tó o wà lọ́mọ ìkókó ni mí.' A rẹ́rìn-ín títí! Ṣùgbọ́n a ò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì pa pọ̀. Ìbọn bà mí nítan, àwọn tí ò mọ̀ mí ló gbé mi lọ. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi wà ní ọsibítù lókè Ọya. Mo rò pé ilé ti gbọ́ pé mo wà láyé."

"Búsàrí wá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ láàyè."

Mo ní, "Irun ta wá ni wọ́n mú wá fún yín?"

Ìyá ẹ̀, tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ló dìde, ó ní kí n máa bọ̀. Ó mú mi gba ẹ̀yìnkùlé. Lábẹ́ igi ẹ̀mì kan, ilẹ̀ ga díẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ewé kan ò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n ní Àkàndé ni, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibí yìí. O mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀. Inú yàrá ni mo wà tí mo ń sunkún. Ìgbà tí Àkàndé dé, mo ní kí wọ́n wá fi hàn mí wàyí, kò kúkú séèwọ̀ fún mi mọ́. Àwọn àgbà ní kí a hú u dànù, pé kò dáa kí ẹni tó wà láàyè ní sàréè lẹ́yìnkùlé bàbá ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá gbé ọkọ́ débẹ̀, èmi ni kó kọ́kọ́ sin. Àkàndé ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹnì kan wà níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ni ò tíì mọ̀. Èmi ni mò ń bá a gbá a."

Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún. Bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Mo bèèrè ẹni tó mú irun náà wá. Wọ́n ní sójà kan tó jẹ́ kọ́púrà ni, ọmọ Ìgbẹ́tì, ọ̀rẹ́ Àkàndé tímọ́tímọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Àkàndé ti dé, ìtìjú ò jẹ́ kó yọjú sí Ògbòòrò mọ́.

Ẹ lè rò pé mo máa ré kọjá sí Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ yẹn kan náà. Rárá o. Ilé ni mo padà sí. Kọ́púrà yẹn ló mọ bí ẹni náà ṣe kú, ohun tí mo sì ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń gẹrun, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí lọ́wọ́ mi. Alàgbà ìjọ kan ní kí n bá òun tọ́ irunmú òun, mo fá apá kan dànù pátápátá. Nígbà tó wo dígí, ó wò mí, ó tún wo dígí.

Ó ní, "Bábà, ọjọ́ Àìkú lọ̀la o. Apá wo ni kí n kọ sí ìjọ?"

Mo fá èkejì kó lè dọ́gba. Ìyàwó ẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fá nǹkan yẹn. Ọlọ́run kúkú mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ṣìfáwù ló ta mí jí. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń palẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ lọ sí Ògbòòrò, ẹ dé, ẹ ò jẹun. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ má purọ́ fún mi. Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ọkọ ńkọ́? Tó bá sá, ẹ sọ fún mi pé ó sá. Tí wọ́n bá pa á bí ajá, ẹ sọ fún mi. Ohun tí mi ò mọ̀ yìí ló ń pa mí."

Ojú tì mí. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn jù ò bẹ̀rù, èmi tí mò ń mú abẹ kiri lọ́wọ́ wá ń gbọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀. A gba Ìgbòho, a gba Kìṣí, ọ̀nà náà ò dáa, eruku pupa bò wá títí a ò fi dá ara wa mọ̀ nínú ọkọ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni mo ń sọ fún ara mi pé kí n bọ́ọ́lẹ̀ kí n padà.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní mábù ni mo ti bá Kọ́púrà. Ó dẹ̀yìn kọ mí, ó ń fi òòlù lu òkúta, ara ẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n da gààrí lé lórí. Mo kí i. Ó yíjú padà. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ìkẹta tún rèé!" Ó fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan òkúta. "Ẹ̀yin mélòó gan-an lẹ ní ojú yìí?"

Mo ní, "A pọ̀ díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wà láàyè ni mí." Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, ẹkún náà sì fẹ́ẹ́ gbọ̀n mí.

Nígbà tó fara balẹ̀ tán, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọn. Mo ní kó sọ fún mi, bó bá ṣe rí gẹ́lẹ́, kó má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

Ó ní, "Omi ló tán lọ́dọ̀ wa. Odò kékeré kan wà níwájú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá dojú ìbọn kọ ọ́. Òùngbẹ ń pa àwọn tó fara gbọgbẹ́, wọ́n ń ké. Nídàájí, ẹnì kan nínú wa ní òun ó lọ. Kùrukùru bo ojú ilẹ̀, mi ò rí ẹni tó jẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, ó pọn ọ́n dé, gbogbo wa mu ún. Ó tún padà lọ. Èkejì yẹn ni bọ́ǹbù já lù ú nígbà tó ń bọ̀. Ìgbà tí a fi máa lè débẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló hàn. Mo nu ún. Mo rí àbàjà. A ti ń wá Àkàndé láti àná ẹ̀. Mo kígbe pé Àkàndé ni, mi ò wo ibòmíràn mọ́. Ta ló máa rò pé ẹlòmíràn tún ní ilà yẹn láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá, tí mi ò tíì mọ̀ lójú? Mo gé irun ẹ̀, mo gé èékánná ẹ̀, mo ṣe bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe fún ọ̀rẹ́." Ó fọwọ́ bojú. "Àbúrò, mo mu nínú omi yẹn."

Síbẹ̀ mi ò tíì gbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni bàbá mi kọ nílà. Mo ní, "Ẹ sọ bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹ̀ ń gé èékánná."

"Ọwọ́ ṣáà ni."

"Ẹ rò ó dáadáa."

Àwọn tó kù ń fọ́ òkúta, ariwo náà ń wọ̀ mí létí. Ló bá gbé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ara ẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Eléyìí," ó wí. "Èékánná ẹ̀ là sí méjì láti ìdí. Ó kọ́ ọ̀bẹ mi. Mo ní, 'Àkàndé, ìgbà wo lèyí ṣe ọ́?' Mo kàn rò pé ogun ló fà á ni."

Kì í ṣe ogun. Abẹ bàbá wa ni. Búsàrí ló gé ara ẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú tí bàbá wa fi da omi ìgbín sí i, láti ìgbà yẹn ni èékánná náà ti ń hù ní méjì. Mo sunkún níwájú àwọn afọ́kùúta yẹn, mi ò tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi kú, kò sì sá.

Kó tó di pé mo sọ ti ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ṣìfáwù. Ó ṣe tákàbà ẹ̀ pé, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ bí ó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ló fẹ́ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn yẹn. Ìyá wa fúnra ẹ̀ ló sìn ín dé ọkọ̀. Ó ti bímọ mẹ́ta báyìí, kò sì sí ọdún Iléyá kan tí kì í wá kí wa. Èmi náà ò ṣíwọ́ iṣẹ́ mi. Sójà tó bá ti jókòó sórí àga mi títí di òní, mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ta lẹ jọ wà lójú ogun, ibo lẹ fi í sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tipa bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé onílé nípa ọmọ wọn tí wọn ò rí mọ́. Ó ń bà mí lẹ́rù nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n mò ń bèèrè.

Lọ́jọ́ tí mo ti Ìgbẹ́tì dé, ìyá wa ń gbọn èlùbọ́ níwájú ilé. Mo wo ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo jìnnà sí i díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ odò, ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ajọ̀.

"Àjàní," ó wí. Oríkì mi ló pè. "O ní ó lọ pọn omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Búsàrí? Búsàrí mi tí mi ò lè rán lódò láéláé?"

Ó mi orí. Mo rò pé ẹkún ló kàn, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, "Ta ló sunkún ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá kan ni, ní Ògbòòrò."

Ó gbọn èlùbọ́ ọwọ́ ẹ̀ dànù, ó ní, "Mú mi lọ bá a."

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá Àkàndé tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá, ó gbé omi fún un. Àwọn méjèèjì jókòó tira wọn. Ìyá wa kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kò bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá wa ní, "Wọ́n ní ẹ sunkún ọmọ mi. Ṣé ẹ sunkún ẹ̀ dáadáa?"

"Mo sunkún ẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ọmọ mi ni mo pè é."

"Ẹ ṣé. Èmi tí mo bí i ò tíì sunkún ẹ̀ rí."

Ló bá tú gèlè orí ẹ̀, ó fi bojú, ó sì sunkún. Gbogbo ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí ogun ti parí ló sun lọ́jọ́ náà, ìyá Àkàndé gbá a mọ́ra, òun náà ń sun tiẹ̀. Èmi àti Àkàndé jáde lọ jókòó síta. A ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá wa ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyá Àkàndé, ẹ má fi ibẹ̀ hàn mí o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa gbá a."

Ìyá Àkàndé ní, "Mo gbá a láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé."